Ẹ San Owó Ọwọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn t'ó ń Fi Wáyà Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́ n'Ílé

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́ fún aṣọ àti fún ìwà, ó yẹ k'ó jẹ́ òtítọ́ fún ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni t'ó bá fi ara balẹ̀ wo ọrùn àti ọwọ́ wa ní ọjọ́ ìwúyè, ní ọjọ́ ìgbéyàwó, tàbí ní ọjọ́ ọdún ìbílẹ̀ ní etí òkun Àgbádárìgì yìí, yíò rí i pé òde ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ wá s'ílé. Ẹ̀rọ l'ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ọkọ̀ òkun l'ó kó o dé èbúté, àwa sì gbé e kọ́ ọrùn, a ń wí pé àṣà wa l'a wọ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni t'ó lè ṣe é l'áàárín wa. Láti Ọ̀jọ́ títí dé Sẹ̀mẹ̀, ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà t'ó ti Èkó wá sí Àgbádárìgì, àwọn obìnrin wà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì wà pẹ̀lú wọn, t'ó ń fi wáyà bàbà àti wáyà idẹ ṣe yẹtí, òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn. Wọn kò ní ìsọ̀, wọn kò sì kọ orúkọ sí ẹnu ọ̀nà. Orí tábìlì t'í wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nígbàtí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ẹlòmíràn nínú wọn jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn jẹ́ opó, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ t'ó ń ti ibẹ̀ rí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ t'í mo ti wà l'ẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ àwọn t'í yíò di olùkọ́, mo sì lè wí pé nínú kíláàsì t'ó bá ní ogójì ọmọbìnrin, kò ní ṣàì sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin t'ó ní ẹ̀mú kékeré nínú àpò ìwé rẹ̀.

Ẹjọ́ t'í mo gbé wá s'íwájú ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. A ń san owó wáyà fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí, a ń san owó ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n a kò san owó ọwọ́. Ohun t'ó sì burú jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn fúnra wọn kò bèèrè rẹ̀.

Kí ẹni t'í kò mọ iṣẹ́ náà má baà rò pé eré ọmọdé ni, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú bí a ti ń ṣe é. Wáyà ní nọ́ńbà, bí nọ́ńbà bá sì ti ń pọ̀ sí i ni wáyà ń tín-ín-rín sí i. Wáyà nọ́ńbà 18 nípọn tó mìlímítà kan. Òun l'ó ń ṣe egungun ẹ̀gbà ọwọ́. Nọ́ńbà 20 ni ti ìkọ́ yẹtí. Nọ́ńbà 26, t'í kò tó ìdajì mìlímítà, ni a fi ń wé ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ egungun náà l'ẹ́ẹ̀kan l'ẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń di irun. Bàbà a máa rọ̀ bí iná bá kàn án, a sì máa le bí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́ tàbí t'í a ń fi òòlù lù ú. Ẹni t'ó bá tẹ̀ ẹ́ l'átẹ̀jù, yíò kán mọ́ ọn l'ọ́wọ́. Ẹni t'í kò bá lù ú tó, ẹ̀gbà ọwọ́ náà yíò ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́wọ̀, ojú yíò sì tì í. Ṣùgbọ́n ẹnu wáyà, níbi t'í a gbé gé e, ni a ti ń mọ oníṣẹ́ gidi. Bí a kò bá fi fáìlì rà á k'ó dán, k'a sì tẹ̀ ẹ́ wọ inú, yíò máa ha ọrùn, yíò sì máa fa aṣọ olówó ńlá ya. Ẹ̀gbà ọrùn kan t'ó ní láárí kì í gbà t'ó dín ní wákàtí mẹ́rin l'ọ́wọ́ ẹni t'ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ti gbọ́ l'ẹ́nu àwọn ènìyàn pàtàkì, àní nínú ẹgbẹ́ wa yìí, pé iṣẹ́ wáyà kì í ṣe àṣà Yorùbá, bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe àṣà Ògù, nítorípé òkèèrè ni wáyà ti wá. Èmi kò gba ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bí ibi t'í irin ti wá l'ó ń sọ iṣẹ́ di ti ẹni, a jẹ́ pé kò sí ohun púpọ̀ t'ó kù fún wa láti yangàn lé l'órí. Ìlúmọ̀ọ́ká ni àwọn orí t'í a hú ní Wúnmọníjẹ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Ìlúmọ̀ọ́ká sì ni àwòrán ojú t'í a ń pè ní ti Ọbàlùfọ̀n, t'ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀nà òwò ni bàbà náà gbà dé Ifẹ̀. Ta l'ó wá lè wí nítorí èyí pé iṣẹ́ àwọn ará òkèèrè ni? Iyùn t'í àwọn ọba ń wọ̀ ńkọ́? Inú òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wú u, àwọn Pọtogí sì wà nínú àwọn t'ó ń kó o wá sí etí òkun wa. Síbẹ̀ kò sí ẹni t'í yíò dìde nínú àfin kan k'ó sọ fún Kábíyèsí pé ohun àlejò l'ó wà ní ọrùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mànílà jinlẹ̀ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Mànílà ni ẹ̀gbà idẹ t'í àwọn òyìnbó ń kó wá ra ènìyàn àti ẹrù ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Àgbádárìgì t'iwa yìí owó ẹyọ l'ó gbilẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ní ìhà ìlà-oòrùn a ń ná mànílà títí di ọdún 1948 sí 1949, nígbàtí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó o kúrò nínú ọjà. Ní ọdún 2023 Tobias Skowronek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ mànílà t'í a rí nínú àwọn ọkọ̀ t'ó rì wò, wọ́n fi í wé àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní, wọ́n sì rí i pé idẹ láti ẹkùn odò Rhine ní ilẹ̀ Jámánì ni púpọ̀ nínú èyí t'í àwọn ará Bìní yọ́ láti fi ṣe àwọn iṣẹ́ ńlá wọn. Ohun t'í a kó wá gẹ́gẹ́ bí owó ẹrú ni ọwọ́ àwọn baba wọ̀nyẹn sọ di ohun t'í gbogbo ayé ń jà sí l'ónìí. Ǹjẹ́ a ha ń pe iṣẹ́ náà ní ti Jámánì bí? Ọwọ́ l'ó ni iṣẹ́.

Ọ̀ràn ìlẹ̀kẹ̀ ni ó yẹ k'ó bà wá l'ójú jẹ́, nítorípé èyí a ti ṣe é fúnra wa rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní Igbó Olókun n'Ilé-Ifẹ̀, Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn t'ó bá a ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí t'ó lé ní 12,000 jáde nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àwo ìkòkò t'í a fi ń yọ́ dígí àti èérún iṣẹ́ náà. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá títí dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ará Ifẹ̀ ń ti ohun t'ó wà n'ílẹ̀ wọn pèsè dígí, t'í wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ọmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ l'ó ń lọ sí Balógun àti Ìdúmọ̀tà l'ónìí láti ra ìlẹ̀kẹ̀ Ṣáínà n'ídìí n'ídìí.

Mo jẹ́ ẹni t'ó ń wàásù, ẹ ó sì dáríjì mí bí mo bá tọ́ka sí Ìwé Mímọ́ l'ẹ́ẹ̀kan. Ẹni t'ó bá ṣí ìwé Ẹ́kísódù, orí 39, yíò rí i pé nígbàtí wọ́n ń ṣe aṣọ àlùfáà, wọ́n lu wúrà di pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n sì gé e bí okùn tín-ín-rín láti fi ṣe ọnà sí i l'ára. Iṣẹ́ wáyà nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún mi mọ́ pé iṣẹ́ àwọn t'í kò rí iṣẹ́ ṣe ni.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ k'a mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, k'a ṣe ìṣirò. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ mú, olúkúlùkù lè yí iye rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ti rí. Obìnrin kan ṣe ẹ̀gbà ọrùn kan. Wáyà rẹ̀ jẹ́ ₦800, ìlẹ̀kẹ̀ ₦1,500, ìkọ́ àti ìdè ₦200, àpótí kékeré t'í ó fi dì í ₦300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,800. Ó tà á ní ₦3,500, inú rẹ̀ sì dùn pé òun jèrè ₦700. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin l'ó fi jókòó tì í. Ẹ pín ₦700 sí ọ̀nà mẹ́rin: ₦175 ni wákàtí kan mú wá. Owó oṣù t'ó kéré jù t'í òfin ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ l'ójúmọ́ fún ọjọ́ 22 nínú oṣù, wákàtí 176 nìyẹn, ó sì ń gba nǹkan bí ₦400 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. A mọ̀ dájú pé owó yìí kò tó jẹun. Gbogbo wa l'a ń kùn sí i. Síbẹ̀ obìnrin oníṣẹ́ ọnà yìí, t'í ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun t'í ọwọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn kò mọ̀, kò gba ìdajì rẹ̀. Bí ó bá ka ọwọ́ ara rẹ̀ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ t'ó kéré jù ní Nàìjíríà, ₦1,600 ni owó ọwọ́ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ̀gbà ọrùn náà yíò sì di ₦4,400. Bí ó bá tún fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí ẹ̀mú t'í ń gbó, iná t'í ń jó, àti wáyà t'ó kán, yíò di ₦4,840. K'á tó sọ̀rọ̀ èrè rárá nìyẹn o.

Kí ló dé t'í kò fi bèèrè rẹ̀? Ìdí kan ni pé inú ilé l'ó ti ń ṣe é. Ohun t'í a bá ń ṣe nínú ilé, ojú iṣẹ́ ilé ni àwọn ènìyàn fi ń wò ó, a kò sì ń san owó fún obìnrin nítorí pé ó se ọbẹ̀. Òun náà ti gba èyí gbọ́. Bí ẹnìkan bá bi í léèrè pé kí l'ó ń ṣe, yíò wí pé, “N kò ṣe nǹkankan, mo kàn ń fi wáyà ṣeré ni.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nígbà gbogbo t'í mo bá gbọ́ ọ. Ìdí kejì ni pé owó iṣẹ́ àti owó oúnjẹ wà nínú ìkòkò kan náà. Ó ta yẹtí méjì l'ówùúrọ̀, ó fi ra gàrí l'ọ́sàn-án. Nígbà t'ó bá di ọjọ́ àtirà wáyà, a kò rí owó. Ó rò pé ọjà ni kò tà, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ìwé kékeré kan t'ó ní òpó mẹ́ta tó fún wọn: ohun t'ó wọlé, ohun t'ó jáde, àti iye wákàtí. Òpó kẹta yìí ni wọn kì í kọ. Ẹ̀kọ́ dídá iṣẹ́ sílẹ̀ ti wọ inú ìlànà NCE tipẹ́, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ t'ó gba máàkì gíga nínú rẹ̀ t'í kò lè sọ fún mi iye t'í òun jẹ nínú yẹtí t'ó wà ní etí rẹ̀.

Ọjà pàápàá ti le sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbàtí ìjọba fi náírà sílẹ̀ k'ó wá ipò ara rẹ̀, dọ́là kan t'ó ti wà ní nǹkan bí ₦460 bẹ̀rẹ̀ sí gòkè, nígbà t'ó sì di 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ìlẹ̀kẹ̀, wáyà aláwọ̀ àti ìkọ́ t'í ń ti òkèèrè bọ̀ bá a gòkè. Owó ọkọ̀ láti Àgbádárìgì dé Ìsàlẹ̀ Èkó gòkè. Ohun kan ṣoṣo t'í kò gòkè nínú gbogbo rẹ̀ ni owó ọwọ́, nítorí òun ni a ń gé kí olùrà má baà sá.

Mo dé ọ̀dọ̀ àwa olùrà wàyí. A jẹ́ ẹni t'ó ń ná ọjà. Ná-ná-ná wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi t'í a ti ń ná an. Ẹni t'ó bá wọ ilé ìtajà aláràbarà ní Èkó láti ra ohun t'í ẹ̀rọ tẹ̀, iye t'ó bá bá l'ára rẹ̀ ni yíò san, kò ní la ẹnu. Nígbàtí ó bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ aládùúgbò rẹ̀, yíò ní k'ó fi ₦1,000 sílẹ̀ nítorí “ọ̀kan náà ni wá.” Èyí t'ó tún wá burú ni ti àwa ẹgbẹ́, ìjọ àti àfin. Bí a bá ń ṣe ọdún, a ránṣẹ́ pè wọ́n kí wọn wá pa àtẹ k'á lè fi han àwọn àlejò pé àṣà wa kò kú; a ya fọ́tò wọn; ìyàwó àlejò pàtàkì mú ẹ̀gbà ọwọ́ méjì, a sì sọ fún oníṣẹ́ pé k'ó fi ṣe ìrànwọ́ fún ìlú. Bí ọ̀dún méjì bá kọjá, obìnrin náà á ti di ẹni t'ó ń ta omi inú ike, àwa á sì máa bèèrè pé níbo ni àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀ sí.

Ẹnìkan yíò wí pé ohun ẹ̀rọ dín owó, kí l'ó dé t'í òun yíò fi san púpọ̀? Ó ní ẹ̀tọ́. Bí ohun ọ̀ṣọ́ lásán l'ó ń wá, k'ó ra èyí t'ó wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni t'ó bá gorí àga nínú ìpàdé t'ó ń sọ̀rọ̀ àṣà, kò l'ẹ́tọ̀ọ́ láti fi ti ẹ̀rọ pe ti baba rẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹ̀gbà ọwọ́ t'í ẹ̀rọ tẹ̀, bí ó bá kán, ààtàn l'ó kàn; èyí t'í ọmọ àdúgbò ṣe, a ó gbé e padà fún un, yíò sì tún un ṣe l'ójú wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnìkan t'í gbogbo wa mọ̀. Aṣírù Ọlátúndé ti Òṣogbo, t'í a bí ní ọdún 1918, ọmọ ìdílé alágbẹ̀dẹ ni. Àìlera kò jẹ́ k'ó lè máa gbé òòlù ńlá mọ́, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí fi bàbà ṣe ohun ọ̀ṣọ́ wẹ́wẹ́. Ní Òṣogbo ní ọjọ́ wọnnì, Susanne Wenger àti Ulli Beier rí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà á n'íyànjú. Láti orí ohun ọ̀ṣọ́ kékeré yẹn l'ó ti dé orí pákó bàbà àti páànù alumíníọ̀mù gbàǹgbà, t'ó fi òòlù kékeré kọ ìtàn ẹranko, igi àti ènìyàn sí l'ára, títí orúkọ rẹ̀ fi kàn dé òkè òkun kí ó tó kú ní ọdún 1993. Ohun t'í mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìjòyè wa rí nínú ìtàn yìí ni pé ọgbọ́n ọwọ́ wà l'ára ọkùnrin náà kí ẹnikẹ́ni t'ó dé. Ohun t'í ó ń wá ni ẹni t'í yíò wo iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ó sì ń dùn mí pé àlejò l'ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò ní ṣàì wí ti àwọn oníṣẹ́ pẹ̀lú, nítorípé èmi kò wá gbè wọ́n l'ẹ́sẹ̀ l'áìdára. Àwọn kan ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ti di ọ̀gá t'ó ń kọ́ ẹlòmíràn. Ní àtijọ́, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa lo ọdún l'ẹ́sẹ̀ ọ̀gá kí wọn t'ó ṣe fìrídọ̀mù fún un. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó láti mọ bí bàbà ṣe ń le. Òun l'ó fà á t'í ọ̀pọ̀ ohun t'í wọ́n ń tà fi ń ha ọrùn, t'í ìlẹ̀kẹ̀ fi ń já ní ojú agbo. Àwọn ẹlòmíràn ń da ọjọ́, wọ́n á ní Sátidé, wọn kò ní yọjú títí di Ọjọ́rú. Ẹni t'ó bá fẹ́ gba owó ọwọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀nà Alábà ní Ọ̀jọ́, àwọn kan ń dáná sun okùn iná àtijọ́ láti yọ bàbà inú rẹ̀. Èéfín dúdú t'í ń ti ara rọ́bà náà jáde ní májèlé nínú, àwọn ọmọdé sì ni wọ́n ń rán sí ìdí rẹ̀ púpọ̀. Mo mọ̀ pé bàbà bẹ́ẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n kí oníṣẹ́ wa má ṣe rà á. Àwọn oníṣẹ́ iná t'ó ń fa wáyà sí ilé titun ń dá èyí t'ó kù nù. Okùn iná t'í inú rẹ̀ jẹ́ bàbà ẹlẹ́yọ kan, bí a bá fi ọ̀bẹ bó rọ́bà rẹ̀, wáyà t'ó dára gan-an ni. Bákan náà, kí wọn ṣọ́ra fún irin rírọ̀ olówó pọ́ọ́kú t'í a kò mọ ohun t'ó wà nínú rẹ̀, pàápàá fún ohun t'í ọmọdé yíò wọ̀ t'í yíò sì máa fi sí ẹnu. A kò ì gbàgbé Zamfara ní ọdún 2010, níbi t'í òjé pa ọmọdé t'í kò dín ní 400 nítorí eruku ibi t'í a ti ń fọ́ òkúta wúrà. Òjé kò mọ̀ bóyá ibi ìwakùsà ni ó wà tàbí ọrùn ọmọ ọwọ́.

Ohun kan t'ún wà t'ó yà mí l'ẹ́nu. Àgbọn ni igi etí òkun wa. Èèpo líle rẹ̀ ni a ń fi dáná. Bí a bá gé e, t'í a fi iyanrìn àti epo rà á, a máa dúdú mininjọ, a máa dán, ó sì fúyẹ́. Mo ti rí i nínú ẹ̀gbà bàbà t'í ọmọ Ògù kan ṣe, mo sì rò pé kò sí ìlẹ̀kẹ̀ Ṣáínà kan t'ó bá a dọ́gba. Owó ẹyọ náà wà, àwọn baba wa ná an ní ìlú yìí. Àwọn àlejò t'ó ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 àti ọ̀nà t'í a gbà kó ẹrú kọjá ní Gbẹ́rẹ́fù yíò fẹ́ mú ohun kan lọ t'ó ti ilẹ̀ yìí jáde. Kí ni a ń tà fún wọn?

Ó ku ohun t'ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìpàdé ọdún ẹgbẹ́ wa ń bọ̀, a sì ti pinnu pé kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ wọ ẹ̀gbà ọwọ́ kan náà, 120 ní iye. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ti mú ìwé iye owó wá láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò t'ó ń kó ọjà wọlé láti Ṣáínà, iye náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun t'í oníṣẹ́ ọwọ́ yíò gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà náà, mo sì mọ̀ pé àpò ẹgbẹ́ l'ó ń rò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ t'í a dá sílẹ̀ nítorí àṣà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ẹ̀rọ Ṣáínà kí ara wọn n'ílé. Bí ẹ̀gbà kan bá gba wákàtí kan, wákàtí 120 ni gbogbo rẹ̀; bí oníṣẹ́ mẹ́rin bá pín in, ọgbọ̀n wákàtí ni yíò kan ẹnìkọ̀ọ̀kan, èyí t'í wọn lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì l'ẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Bí owó kò bá tó, kí a dín ońjẹ àsè kù, kí ẹni t'ó bá fẹ́ ẹran kejì lọ jẹ ẹ́ n'ílé rẹ̀.

Mo ti bá oníṣẹ́ mẹ́rin sọ̀rọ̀, mo sì ní kí wọn kọ iye wọn sílẹ̀, kí owó wáyà wà l'ọ́tọ̀, kí owó èèpo àgbọn wà l'ọ́tọ̀, kí wákàtí àti owó ọwọ́ sì wà ní ìlà t'ara rẹ̀. Wọ́n ń bèèrè ìdajì owó ṣáájú, nítorí wọn kò ní owó t'í wọn yíò fi ra wáyà fún 120 l'ẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ yíò jókòó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì oṣù t'ó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ k'á gbé ìwé wọn sí orí tábìlì pẹ̀lú ti oníṣòwò náà, k'á kà á sókè, kí a má sì ṣe fi ọwọ́ kan ìlà t'ó kẹ́yìn nígbàtí a bá ń ná an.